Fáàfù Inú Àpò Lásúnkànmí

Obì ni Lásúnkànmí ń ṣe ní Mowe. Yóò rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé, yóò ṣà á, yóò fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, yóò sì kó o lọ sí Ifọ̀ fún àwọn Hausa tí ń fi rélùwéè gbé obì lọ sí Òkè Ọya. Orí ló fi ń rù ú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó ni láti Mowe dé Ifọ̀ láyé ìgbà náà, ẹni tó bá sì ru agbọ̀n obì dé ibẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò ní í ṣeé yí títí di ọjọ́ kejì. Ọkùnrin gíga ni, onísùúrù, ìka rẹ̀ tóbi, ó sì le bí èèpo igi. Kò lè bá ènìyàn jà, kò sì lè wo ojú ẹbí kó sọ pé rárá. Gbogbo ayé ló ń yìn ín nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣe é ní jàǹbá jù.

Ní ọdún 1952, ó ra kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tuntun ni o, dúdú, tó ń dán gbinrin, tí bébà tí wọ́n fi wé e láti ìlú òyìnbó ṣì wà lára irin rẹ̀. Nígbà tó gùn ún wọ abúlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo agbo ilé tú síta. Àáfà ṣàdúà sí i, wọ́n ṣe àmín. Bùrẹ́ímọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń pa ọmọ lórí, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Kẹ̀kẹ́ wa rèé o!" Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí màmá yìí wí. Kò pè é ní kẹ̀kẹ́ Lásúnkànmí. Kẹ̀kẹ́ wa ló pè é.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di tiwọn lóòótọ́. Èyí fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ ní Ìbàfò, tọ̀hún fẹ́ lọ bá wọn kẹ́dùn ní Magboro. Ẹnìkan gbé e lọ, ó dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ tó ti wọ́. Ẹlòmíràn fi kó iṣu, irin ẹ̀yìn sì tẹ̀. Ọjọ́ ọjà Ifọ̀ yóò pé, Lásúnkànmí yóò tún gbé obì sórí nítorí pé kẹ̀kẹ́ ti bá ẹnìkan ròde. Ẹni tí kò gbé agbo ilé rí ni yóò béèrè pé kí ló dé tí kò fi sọ pé òun kò yá ènìyàn. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ohun tí ilé yóò gbọ́ ni pé o kò ní ẹbí mọ́, wọn kò sì ní í gbàgbé.

Olóbì ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Ifọ̀, tí ń jẹ́ Bádéjọ, ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Nígbà tí Bádéjọ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí táyà, ó tú irin kékeré kan jáde ní ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, afẹ́fẹ́ sì tú jáde fùú. Fáàfù ni wọ́n ń pe irin náà, kò gùn ju oríkèé ìka lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà wẹ́wẹ́ kan bọ̀ ọ́ bí ìbọ̀sẹ̀. Rọ́bà yìí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà jáde.

"Fi sápò," ni Bádéjọ wí. "Bí wọ́n bá ti ní kí o yá àwọn, sọ pé ó jò. Wọ́n á fojú ara wọn rí táyà tó ti sùn. Ta ló máa wá bínú sí ọ?"

Báyìí ni kẹ̀kẹ́ Lásúnkànmí ṣe di aláìsàn. Nílé, táyà méjèèjì á sùn pẹlẹbẹ. Lọ́jọ́ ọjà, yóò tì í jáde ní ìdájí pẹ̀lú obì lẹ́yìn, yóò ní òun ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Nọ́fíù tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ifọ̀. Bó bá ti kọjá odò, tí ojú ènìyàn kò tó o mọ́, yóò jókòó sórí gbòǹgbò igi, yóò yọ fáàfù nínú àpò. Iṣẹ́ dé nìyẹn. Rọ́bà náà kì í fẹ́ wọ̀. Yóò fi itọ́ rin ín, yóò yí i, yóò rọra tì í, á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ tán, á tún yọ̀ bọ́ sínú koríko, Lásúnkànmí á sì máa fi orúnkún rìn kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ìka tó mọ agbọ̀n obì gbé kò mọ ohun kékeré mú. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ̀, tó fi pọ́ǹpù fún táyà ní afẹ́fẹ́, tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i láyà, inú rẹ̀ á dùn bíi ti ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gùn ún wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tú fáàfù, táyà ti tún sùn.

Mowe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Nọ́fíù ṣépè. Wọ́n ní olè ni, pé ó ń fi ọwọ́ kan tún un ṣe, ó ń fi èkejì bà á jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ lè padà wá. Ẹni tó ká lára jù ni Mùtàlíbù, àbúrò Lásúnkànmí tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ kí n rù ú lórí lọ bá Nọ́fíù yẹn. Tí kò bá tún un ṣe dáadáa, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà." Ojú ti Lásúnkànmí. Ó ní kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé kẹ̀kẹ́ lásán ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó rò ó pé òun á sọ òtítọ́ fún Mùtàlíbù nìkan. Kò sọ ọ́.

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e ni Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyàwó Mùtàlíbù, bímọ. Ní òwúrọ̀ ni, obìnrin lọmọ, ó sì ké dáadáa. Wọ́n ti ń yọ̀ nígbà tí Ọ̀ṣunníkẹ́, ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ní abúlé, jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. "Ibi ọmọ ò bọ́," ló wí, "ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Ó ti kọjá ọwọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ìjọba wà ní Ìbàfò lónìí, ẹ lọ gbé e wá kíákíá. Tí oòrùn bá kàtàrí, ó ti lọ nìyẹn."

Mùtàlíbù ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fẹ́ máa sá eré lọ. Lásúnkànmí dì í lọ́wọ́ mú.

"Dúró ti ìyàwó ẹ," ló wí. "Kẹ̀kẹ́ á yá ju ẹsẹ̀ lọ. Màá gbé nọ́ọ̀sì bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ó jò?"

"Màá wá nǹkan ṣe sí i."

Mùtàlíbù gbà á gbọ́. Kò tíì sí ìgbà kan tí kò gbà á gbọ́. Ó padà lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ Lásúnkànmí kò burú. Kẹ̀kẹ́ yá ju ẹsẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn ní agbo ilé lọ́jọ́ náà ju òun lọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àgbàlá, tó ki ọwọ́ bọ àpò, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí Bùrẹ́ímọ̀, ó rí gbogbo àwọn tó ti fi irọ́ lé padà, wọ́n dúró yí i ká, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Òpùrọ́ gidi ì bá ti sọ pé òun ra fáàfù tuntun lánàá. Lásúnkànmí kò já fáfá tó bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ṣófo. Ó gbé kẹ̀kẹ́ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Fèrèsé yàrá náà kéré, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á wọlé kò tó ohun tí wọ́n fi ń ṣa ìrẹsì. Lásúnkànmí kúnlẹ̀. Ti iwájú wọ̀ lẹ́yìn ìgbà tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹ̀yìn kọ̀. Rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ nínú àpò. Itọ́ kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́ tí yóò fi rin ín. Òógùn ń kán sójú rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin láti yàrá kejì, wọ́n ń pe Wúlẹ̀mọ̀tù, Wúlẹ̀mọ̀tù, pé kó má ṣe sùn.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìbíwùnmí, ìyàwó rẹ̀, ni.

"Bàbá Fọláwẹ̀mí, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ ṣílẹ̀kùn kí n ràn yín lọ́wọ́."

Irun ni Ìbíwùnmí ń dì fún gbogbo obìnrin Mowe. Ìka rẹ̀ lè ya irun tó tín-ín-rín ju òwú lọ láìwo ibẹ̀. Lásúnkànmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pọ́ǹpù ni mò ń wá," ló dáhùn. "Mò ń bọ̀ báyìí."

Ó fi agbára ti rọ́bà náà. Ó ya.

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó látẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rù tó bà á lákòókò yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Ó fi eyín gé èyí tó kù, ó fẹ́ fi kúkúrú rẹ̀ bọ̀ ọ́, kò dé ibi ihò. Nígbẹ̀yìn, ó fa òwú yọ létí ẹní, ó fi dì í yíká, ó dì í, ó tún un dì, ó dè é mọ́ ẹnu táyà. Ó fún un ní afẹ́fẹ́. Táyà dìde. Ó gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ó fò gùn ún, àwọn ènìyàn sì pariwo àdúà tẹ̀ lé e.

Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ̀yìn fi sùn. Ó ń fi irin lásán wà á lórí òkúta àti gbòǹgbò títí kẹ̀kẹ́ fi kọ̀ tí kò yí mọ́. Ó jù ú sínú igbó, ó sáré. Ẹni tó ti ń fi orí ru obì láti kékeré ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ó sáré débi pé àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Nígbà tó dé Ìbàfò, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń túká lábẹ́ igi. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Wọ́n ní bó bá ti tètè dé díẹ̀ sí i ni, ì bá bá a. Ó sáré tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n júwe, ó ń pariwo bí wèrè, kò rí ẹnì kankan.

Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo Wúlẹ̀mọ̀tù nígbà tó padà dé. Mùtàlíbù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà láìka á. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun Mágàríbì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, níṣojú gbogbo agbo ilé, Mùtàlíbù dìde, ó wá síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun," ló wí. "Gbogbo ayé rí ẹsẹ̀ yín bó ṣe bó. Ẹ ṣe tiyín. Nọ́fíù ni Ọlọ́run máa bi."

Lásúnkànmí la ẹnu. Ó wo orí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó wo àwọn ènìyàn tó ń mi orí, tí wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. "Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù," ló wí, wọ́n sì ṣe àmín.

Ìbíwùnmí kò ṣe àmín. Ó ti gbá yàrá lọ́sàn-án, ó ti rí rọ́bà tó ya lórí ẹní àti òwú tí wọ́n fà yọ. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó tẹ́ rọ́bà náà síwájú ọkọ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ẹ ò bá ti ṣílẹ̀kùn fún mi." Kò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́ láé. Lásúnkànmí ì bá fẹ́ kó bú òun.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Mùtàlíbù fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ifọ̀, ó fa ẹ̀wù ya mọ́ Nọ́fíù lọ́rùn lójú gbogbo ọjà, ó na ọkùnrin náà tí kò mọ ohun tó ṣe. Olóbì kankan láti ìhà Mowe kò gbé iṣẹ́ fún Nọ́fíù mọ́. Lásúnkànmí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kó má bàa rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọmọ náà ni wọ́n sọ ní Kúlúsúmù. Mùtàlíbù ló fúnra rẹ̀ gbé e lé Ìbíwùnmí lọ́wọ́. Ó ní kò sí ọ̀dọ̀ tó yẹ kí ọmọ náà dàgbà sí ju ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu nítorí ìyá rẹ̀ lọ. Ó dàgbà síbẹ̀, ó ń jẹun lábọ́ kan pẹ̀lú Lásúnkànmí, ó ń pè é ní bàbá.

Nígbà tí ọmọ náà ti gbọ́n tó láti sọ̀rọ̀ dáadáa, bàbá tó bí i sọ ìtàn náà fún un, gẹ́gẹ́ bí òun ti mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Iléyá ọdún 1957, àlejò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹran. Kúlúsúmù wọ aṣọ tuntun, ó wá sáàárín wọn, ó kúnlẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì níwájú Lásúnkànmí bí wọ́n ti kọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ ṣeun," ló wí sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, "tí ẹ sáré nítorí ìyá mi."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Lásúnkànmí gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ṣàdúà fún un títí wọ́n fi ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ inú yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.