Láàárín "Ó Mọ́" àti "Mi Ò Mọ̀"

Kí ọmọ mi obìnrin tó parí sẹ́kọ́ńdírì ni ìdajì àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Ìbà ti ń gbé orí wọn wá fún un. Ó mọ irun dì, ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í dunni. N kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti bi í léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe láyé.

Lọ́jọ́ kan, a jọ lọ ra ẹran ní ọjà Alábà Rago, àgbò kan sì tọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, ó fọ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fọ ọwọ́ tó fi bọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà, ó ń fọ ẹnu ẹ̀rọ omi nítorí ọwọ́ tó fi ṣí i. Nígbà tó yá, ọṣẹ ń tán nílé wa bí ẹni ń jẹ ẹ́, ọwọ́ ọmọ mi sì sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò fẹ́ fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní òun kò mọ ohun tí orí náà ti fara kàn nínú ọkọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé ẹlòmíràn lọ.

Ìyá àgbà tí a jọ ń gbélé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ẹ ò rí i pé kì í kúrò nídìí omi? Omi ló ń pè é."

"Omi kọ́, mà. Bó bá jẹ́ omi ni, kí ló ń fi ọṣẹ ṣe?"

Èmi ni ọmọ náà ń bi. "Mọ́mì, ṣé ó mọ́?" Èmi tí mò ń ránṣọ, tí ojú mi kì í fo abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, màá yẹ ọwọ́ náà wò síwá sẹ́yìn, màá ní, "Ó mọ́." Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á tún bi mí.

Ní ọsibítù, dókítà ní kì í ṣe ẹ̀bi àgbò. Ó kọ oògùn, ó sì darí wa sí obìnrin kan tó jẹ́ pé wíwo irú ìbẹ̀rù báyìí sàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà bi ọmọ mi bóyá ó gbà pé ọwọ́ òun dọ̀tí lóòótọ́.

"Rárá, mà. Mo mọ̀ pé kò dọ̀tí. Ọkàn mi ni kò gbà."

Obìnrin náà ní àìsàn ọ̀hún gan-an nìyẹn. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ìmọ́tótó àṣejù. Gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́, ọkàn rẹ̀ á rò pé fífọ̀ ló gba òun là, ìbẹ̀rù náà á sì túbọ̀ lágbára. Ohun tí yóò ṣe ni kó máa fọwọ́ kan ohun tó ń bà á lẹ́rù, kó ti orí èyí tó kéré bẹ̀rẹ̀, kó má sì fọ ọwọ́, títí ìbẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀, mà. 'Ó mọ́' tí ẹ ń sọ yẹn, ọṣẹ ni. Bó bá bi yín, ẹ ní, 'Mi ò mọ̀.'"

"Ṣùgbọ́n mo mọ̀, mà."

"Ẹ mọ̀ pé kò sí kòkòrò kan ṣoṣo níbẹ̀?"



Bí a ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Òkókómáìkò ni mo ti ń fi ìdáhùn tuntun náà kọ́ra.

"Mọ́mì, ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kàn fa ohùn yín wálẹ̀ ni. Mọ̀. Bí ìgbà tí ó rẹ̀ yín."

Nílé, kò sí ẹ̀rín. Ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, ó jókòó láìfọwọ́. Ó bi mí. Mo ní, "Mi ò mọ̀." Ó korò lẹ́nu mi, bí ẹni fi oúnjẹ du ọmọ. Ó ní n kò fẹ́ràn òun. Mo sá wọ yàrá, mo ń rán aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò fún mi rán. Nígbà tí mo jáde, ó ti ń wo fíìmù, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan.

Kò lọ tààrà. Ọjọ́ kan á dára, èkejì á tún padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ń dín kù, ọwọ́ sì ń jinná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ti ìlú Ọjọ́ dé pẹ̀lú òógùn lórí. Ọmọ mi mú ìyarun.

"Ẹ jókòó, Mọ́mì."

Ó kù díẹ̀ kí n ní kó jẹ́ kí n fọ orí ná. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ya ìlà àkọ́kọ́. Ó dúró, ó mí, ó sì tẹ̀síwájú.

"Ó wọ́, àbí?"

"Ó wọ́ díẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ máa gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Obìnrin kan lára àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ń kọjá, ó dúró lẹ́nu géètì wa. "Ṣé ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà ni?"

Mo ti lanu láti sọ pé ó ṣì ń sinmi.

"Ẹ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mà," ni ọmọ mi wí, ó sì fi ọwọ́ tẹ orí mi síwájú, kó lè rí ìpàkọ́.