Pàṣán Bàbá àti Ìrìn-àjò Wa sí Potogí

Ọjọ́ tí wọ́n yan àwa ọmọ ilé-ìwé tó máa lọ sí ilẹ̀ Potogí, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ Àbújá, tí eruku katakata bò ó, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀gá ilé-ìwé wa sọ pé etí òkun la ń lọ, ẹni tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ á jókòó sílé. Ó kó àwa àtàwọn òbí wa lọ sódò Ushafa. Mo lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, mo sì padà kí àwọn yòókù tó dé àárín!

Bàbá mi, tó ti fòfin de odò náà fún mi, yanu. "Kai! Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Bí ẹ bá ti mú pàṣán dé etí odò, òdìkejì ni mo máa ń sá sí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ síwèé ìyọ̀ǹda ìrìn-àjò mi. Pàṣán rẹ̀ ló gbé mi dé Potogí.