Jíjù Orrin Tackett

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Orrin Tackett, ajubọ́ọ̀lù nínú eré bésíbọ́ọ̀lù ní Tennessee, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí iṣan èjìká rẹ̀ já. Dókítà ní kó wá iṣẹ́ mìíràn. Orrin kọ̀ jálẹ̀. Ó lọ kọ́ jíjù tí kò gba agbára: á fi èékánná di bọ́ọ̀lù mú, á tì í jáde láìjẹ́ kó yí, bọ́ọ̀lù á sì máa ta gbọ̀nọ́ngbọ̀nọ́n bọ̀ bí ọ̀mùtí, tó fi ṣòro láti gbá. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ti ẹgbẹ́ kékeré kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń pè é ní Bàbá Arúgbó.

Lọ́jọ́ kan, eré fẹ́ parí. Alátakò tó di igi mú láti fi gbá bọ́ọ̀lù ti tàsé lẹ́ẹ̀mejì; tó bá tàsé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ Orrin ló borí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti bọ́ mọ́ Pruitt, ẹlẹgbẹ́ Orrin tó ń mú un lẹ́yìn alátakò náà, lọ́wọ́; bó bá sì tún bọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, eré lè má parí. Kóòṣì fìbínú wọ pápá.

"Bàbá Arúgbó, eré ọmọdé tó gẹ́ẹ́! Ju bọ́ọ̀lù gidi!"

"Kóòṣì, bọ́ọ̀lù gidi mi nìyí. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ wá jù ú fúnra yín."

Pruitt bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ó jù ú, sà. Ṣebí àyà tèmi ló máa bà."

Orrin jù ú. Alátakò tó di igi mú fi gbogbo ara gbá a, afẹ́fẹ́ ló gbá. Bọ́ọ̀lù ba Pruitt láyà lóòótọ́, ó sì fọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ra. Wọ́n borí.

Síbẹ̀, Kóòṣì kò fẹ́ràn jíjù yẹn, ó lé Orrin lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kó tó fi pápá sílẹ̀, nígbà tó wu òun alára.