Ọwọ́ Múfútáù Lára Róbọ́ọ̀tì

Ọ̀sán gangan lónìí ni mo rí ọwọ́ òkú.

A gbé róbọ́ọ̀tì láàbù wa wá sí Mápó fún àwọn èèyàn láti wò. Múfútáù, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́, ló máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi fún àlejò. Ó kú lọ́dún tó kọjá.

Ìyá rẹ̀ wá láti Ìsàlẹ̀ Òsì. Róbọ́ọ̀tì gbé ife omi, ó fi ìdí rẹ̀ kan tábìlì, kó-kó, kí ó tó nà án sí wọn.

Màmá ò gba omi. Ọwọ́ irin yẹn ni wọ́n dì mú.

"Bí ọmọ mi ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyí. Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni?"

"Màmá, kò mọ̀ ọ́n o."

"Màá tún wá lọ́la."

Ọ̀gá wa ní kíkan ife mọ́ tábìlì yẹn ń da omi sílẹ̀, kí n pa á rẹ́ nínú ohun tí róbọ́ọ̀tì kọ́ lálẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ máa lè pa á rẹ́?