Ẹyin Inú Kúlà Ọmọ Mi

Mo mọ oúnjẹ sè. N kò fi ṣe fáàrí. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń wò ó lójú, yóò kọ́ ọ bó fẹ́ bó kọ̀. Kí ọdún kan tó pé, mo ti mọ bí a ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé kó má tú, mo mọ àdàlú sè kí ẹ̀wà rọ̀ kí àgbàdo rẹ̀ má sì le, mo sì ti mọ bí a ṣe ń gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ débi pé ọmọdé kò ní rí i ṣà kúrò.

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òmù-Àrán. Ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ ìwé nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, bó bá sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré díẹ̀, yóò wá ibi ìdí igi jókòó sí bí arúgbó. Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó. Ó kọ oògùn fún wa, ó wá ní oògùn nìkan kò lè ṣe é, kí n máa fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, àti ẹyin kan lójúmọ́.

"Ẹyin kan, sà. Ẹ má jẹ́ kó yẹ̀."

Àìlẹ́jẹ̀ tó náà ni wọ́n ló pa ìyá rẹ̀ nígbà tó fẹ́ bí èkejì. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ní láti tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ọmọ bá sùn jù lọ́sàn-án, n óò lọ gbọ́wọ́ lé e láyà.

Ìyá mi ló wá láti Rore láti bá wa gbé. Èmi ni mo máa ń dáná láàárọ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣu, bí ó bá jẹ́ ẹ̀wà, bí ó bá jẹ́ ìrẹsì tí mo fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sè, ẹyin sísè kan a máa jókòó lórí rẹ̀. N óò de kúlà náà, n óò gbé e sórí tábìlì, n óò wá ọ̀kadà, n óò sì máa lọ, nítorí pé èmi ni mo ń dúró sẹ́nu géètì de àwọn ọmọ tó bá pẹ́. Màmá ni yóò wẹ̀ fún ọmọ, tí wọn yóò wọṣọ fún un, tí wọn yóò sì fà á lọ́wọ́ wá sílé-ìwé.

Mo máa ń fi kúlà yẹn yangàn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ tèmi sì ni oúnjẹ ọmọ mi. Nígbà tí ọ̀gá àgbà wa ní kí n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ọ̀sán níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, mo sọ ọ́ débi tí òógùn ń bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n yé fi bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dí ọmọ lẹ́nu, pé ẹ̀wà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn lóko sàn jù ú lọ. Mo ní wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, tí a bá tún un sè dáadáa, bí ẹran ni. Mo wá kan ọ̀rọ̀ ẹyin. Kò sí ẹni tó dàgbà lóko wa tí wọn kò sọ fún rí pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Mo ní ọ̀rọ̀ àìmọ̀ ni, kí wọ́n gbé e jù sí ààtàn. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Màmá jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn ìyá àgbà, wọ́n ń mirí. Mo rò pé wọ́n gbà pẹ̀lú mi ni.

Èmi gan-an, ìgbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ni mo tó jẹ odindi ẹyin láyé mi. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo bó o, mo sì jẹ ẹ́ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Bí mo ṣe ń fọ́nnu níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ yẹn, n kò rántí ilẹ̀kùn tí mo tì.

Oṣù ń gorí oṣù, ọmọ kò yí padà. Mo fún un ní oògùn aràn. Mo gbé e lọ sí Ìlọrin, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tún bi mí bóyá mo ń fún un ní ẹyin. Inú bí mi. Mo ní lójoojúmọ́ ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń bi òun náà pé, "Ṣé o jẹ oúnjẹ rẹ tán?"

"Mo jẹ ẹ́ tán, sà."

Kò purọ́. Gbogbo ohun tó bá nínú kúlà ló jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọ̀hún náà ni Màmá máa ń gbé iyán mi kalẹ̀. Ọbẹ̀ ilá ni, ẹja díẹ̀, àti ẹyin sísè kan láàárín rẹ̀. Mo rò pé owó tí àbúrò mi ń fi ránṣẹ́ sí wọn láti Èkó ni wọ́n fi ń rà á. N óò ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ kú ìnáwó." Wọ́n á ní, "Jẹun, ọkọ mi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun." Èmi a sì jẹ ẹ́, ọmọ mi a jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a máa wò mí. Mo máa ń bá a wí pé kó yé wo ẹnu àgbà.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ jáde ṣeré, tíṣà kíláàsì rẹ̀ fà á wá bá mi. Ọmọ mi ti ṣí kúlà ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ó ti mú ẹyin inú rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́. Pupa ẹyin ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. Tíṣà náà rọra sọ ọ́, ó ní, "Ẹ bá wa yanjú ẹ̀ nílé, sà. Ọmọdé ni."

Ó yẹ kí n gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé èmi tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ, bí n kò bá na tèmi, wọn yóò ní mo bò ó. Mo sì tún rò ó pé ọmọ tí mo ń fún ní ẹyin lójoojúmọ́, kí ló ń wá nínú kúlà ẹlòmíràn bí kì í bá ṣe ọ̀kánjúwà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wo ilẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé-ìwé tò láti ṣe àdúrà ìparí, mo pè é síwájú, mo sọ ohun tó ṣe, mo sì nà án ní pàṣán mẹ́fà ní àtẹ́lẹwọ́. Kò sunkún títí a fi dé ìkẹrin. Àwọn ọmọ kan ní ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní olè, n kò sì dá wọn lẹ́kun. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi mú pàṣán, n kò sì fa ẹnikẹ́ni mọ́ra lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún Màmá. Mo rò pé wọ́n á bá mi kanra lórí ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ń ro ilá nínú ìkòkò lọ.

"Mo ti mọ̀," wọ́n ní. "Rírí tó ń rí i lásán, ó ti fẹ́ẹ́ ba ìwà ẹ̀ jẹ́. Ká wá ní mi ò kì í yọ ọ́ ńkọ́?"

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń yọ.

"Ẹyin tó o máa ń fi sí i. Bó o bá ti lọ ni mo máa ń mú un kúrò. Mo ní kó má sọ fún ẹ, kó o má baà máa bínú. Ọmọ tí kò níyàá, tó bá tún wá di olè, ta ni á fẹ́ ẹ?"

"Níbo lẹ ń gbé e sí, Màmá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀dẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ lò ń jẹ ẹ́ ni?"

Wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló máa ń wà. Tèmi kò tilẹ̀ sí nínú àpò. Inú ikùn mi ló wà. Mo ti gbé ọmọ lọ sí Ìlọrin lọ wá ẹ̀jẹ̀ tí mo ń fi iyán gbé mì lálaalẹ́. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo bì. N kò lè pariwo mọ́ Màmá. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n sì ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lọ síbi iṣẹ́ bọ̀rọ̀. Mo se ẹyin, mo bó o, mo pe ọmọ mi, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú wa lè bára mu. Mo ní kó má bínú, èmi ni mo ṣẹ̀. Mo fi ẹyin náà sí i lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wú, kò lè pa á dé.

Ó wo ẹyin náà. Ó ní, "Màmá àgbà ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ á di olè. Mo jẹ ẹyọ kan, wọ́n sì pè mí lólè lọ́jọ́ yẹn náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, Dádì."

Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ ẹ́. Màmá pàápàá bẹ̀ ẹ́ nígbà tó yá, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn náà. Kò gbà. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n pe gbogbo ilé-ìwé jọ, kí n sọ níwájú wọn pé èmi ni olè. N kò ṣe é. Ojú tì mí, mo sì fi ìtìjú tèmi ṣíwájú orúkọ ọmọ mi.

Màmá ti kú báyìí. Ọmọ náà ti wọ ilé-ìwé girama, ó ga ju èjìká mi lọ, ó ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìdí igi ló ṣì máa ń wà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré. Òun ló ń dáná fún wa. Bí mo bá ra ẹyin wálé, yóò sè é. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé iyán mi kalẹ̀, yóò fi ẹyin kan ṣoṣo sáàárín ọbẹ̀ ilá, yóò sì jókòó tì mí lórí àpótí.

"Ẹ jẹun, Dádì," ni yóò wí. "Tiyín ni."