Sáìtì Tí Mo Ní Kò Ṣí

Òórùn bébà gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló máa ń gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo ní ládùúgbò Adéwọlé. O mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: àga oníke mẹ́rin, fáànù kan, àti àwọn èèyàn tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún èyí tàbí tọ̀hún. Èmi kì í fọwọ́ tẹ fọ́ọ̀mù mọ́ nígbà yẹn. Mo ti kọ ètò kan tó ń ṣí bíráúsà fúnra rẹ̀, tó sì ń kó orúkọ àti ọjọ́ ìbí oníbàárà sínú fọ́ọ̀mù. Èmi á kàn fẹ̀yìn ti àga, ẹnu á máa ya àwọn èèyàn, inú mi á sì máa dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àgbẹ̀ kan wá láti abúlé, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Bàbá náà sọ fún mi pé ọdún kejì rèé tọ́mọ ti wà nílé, pé bí tọdún yìí ò bá bọ́ sí i, ọ̀dọ̀ àbúrò òun l'Ọ́jà-Ọba ni yóò ti lọ kọ́ aṣọ rírán. Mo gba ìwé ẹ̀rí ọmọ náà, mo tẹ ètò mi. Bíráúsà kò ṣí. Lẹ́tà pupa ló kún ojú kọ̀ǹpútà, ìlà àkọ́kọ́ sì ní wọn ò gbà kí ètò náà wọlé. Ìlà yẹn nìkan ni mo kà. Mo ní sáìtì iléèwé náà ló dákú, kí wọ́n padà wá lọ́la.

Wọ́n padà wá, eruku ọ̀kadà bò wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Bọ̀dá, ó ṣí lórí fóònù mi. Ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí rèé."

N kò wò ó. Mo bi í pé ọdún mélòó ló ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn oníbàárà tó jókòó sì rẹ́rìn-ín.

"Dákẹ́," bàbá rẹ̀ sọ fún un. "Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nìyẹn, àwọn ló mọ̀ ọ́n."

Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ló ń pè mí ní "wọn" bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti fóònù bọ abẹ́ híjáàbù rẹ̀. Wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó jókòó ka àwọn lẹ́tà pupa yẹn látòkè délẹ̀. Àdírẹ́sì tí kò gbà kí ètò mi wọlé kì í ṣe ti iléèwé, ti kọ̀ǹpútà mi gan-an ni. Bíráúsà mi ti gba àtúnṣe tuntun lọ́sẹ̀ yẹn, irinṣẹ́ kékeré tó ń gbé ọ̀rọ̀ ètò mi lọ bá a sì ti di ògbólógbòó, wọn ò bára mu mọ́. Ètò mi ò tilẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo pààrọ̀ irinṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ ṣí wẹ́rẹ́. Ká tilẹ̀ ní kò ṣí, ṣebí mo lọ́wọ́ tí mo lè fi tẹ fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, ojú sì tì mí bí ẹni pé gbogbo ọjà ló dúró tó ń wò mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá náà gbé iṣu mẹ́ta wá. Ó ní kí n má rò pé òun bínú, bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́ ni, kí Ọlọ́hun san mí lẹ́san làálàá mi. Mo lanu láti jẹ́wọ́. "Àmín" ló jáde. Mo gba iṣu náà, a sì jẹ ẹ́ nílé mi.

Ó pẹ́ kí n tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà-Ọba. Ọmọ náà wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ, ó sì kúnlẹ̀ kí mi. Mo sọ fún un pé sáìtì náà ṣí lọ́jọ́ yẹn, pé òun ló rí i dáadáa.

"Mo mọ̀, bọ̀dá," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi. Àwọn ló ní kí n dákẹ́, wọn á máa dá ara wọn lẹ́bi."

Mo ti rò pé ìtìjú tèmi nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. N kò mọ̀ pé ọmọ yẹn ti ń bo bàbá rẹ̀ láṣìírí látọjọ́ náà, tó sì ń bo èmi náà mọ́ ọn. Nísinsìnyí, kí n tó sọ pé sáìtì kankan kò ṣí, mo máa ń fọwọ́ ara mi ṣí i wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì na fóònù sí mi, mo máa ń gbà á, mo máa ń wò ó.