Ọ̀bẹ Bàbá Mi Tó Ń Jó

Òórùn epo máṣíìnì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣíwájú Iléyá, kì í ṣe ohùn ládàánì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ìyá yín jẹ́ aránṣọ mọ òórùn tí mò ń wí. Á lẹ̀ mọ́ aṣọ, á lẹ̀ mọ́ irun, kódà ẹ̀kọ tí wọ́n bá bù fún ọmọ láàárọ̀ á máa rùn ún. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá màmá mi tó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ti tú ọ̀bẹ bàbá mi palẹ̀ sórí àkísà. Ká ní olè ni mo bá níbẹ̀, ẹ̀rù ò ní bà mí tó bẹ́ẹ̀. Olè kàn máa gbé ọ̀bẹ yẹn lọ ni, kò jẹ́ tú u.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọ̀bẹ tí à ń wí, kí ẹ má baà rò pé ọ̀bẹ ìdáná ni. Ọ̀bẹ tó ń ká ni, tí irin rẹ̀ ń wọlé sínú èkù. Bàbá mi ti fi ìgbà kan wa mọ́tò fún òyìnbó kan tó wá la ọ̀nà ní apá Mopa. Ọjọ́ tí òyìnbó náà ń lọ sílé, ó yọ ọ̀bẹ náà lápò, ó fún un. Igi dúdú tó ń dán ni èkù rẹ̀, idẹ wà lórí àti nídìí rẹ̀, bí ènìyàn bá sì fi àtàǹpàkò ti irin rẹ̀ díẹ̀, á ṣí, á dún “kátá!” Bàbá mi ní àwọn tó ṣe é, àwọn ló ń ṣe ọ̀bẹ fún ọba ìlú wọn. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Aṣọ funfun ló fi ń nù ún, àpò àyà ló ń gbé e sí, kò sì jágbe mọ́ ọn rí. Àwa ọmọ tó bí ò rí irú ojú àánú bẹ́ẹ̀, bóyá torí pé Kàbà ni wọ́n ti ṣe wá.

Àbùkù kan ṣoṣo ló wà lára ọ̀bẹ òyìnbó yìí: irin rẹ̀ ń mì. Tó bá ti ṣí tán, á yẹ̀ sọ́tùn-ún, á yẹ̀ sósì, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Bóòtù kékeré kan ló so irin mọ́ èkù. Tí bàbá mi bá fún bóòtù náà le, ọ̀bẹ ò ní ṣí mọ́ àfi kó fi eyín fà á. Tó bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ijó bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ rí. Alágbẹ̀dẹ wò ó, ó ní kò le, ó sì nawọ́ gán òòlù. Bàbá mi já ọ̀bẹ gbà, ó sáré wá sílé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló dé tí ọ̀bẹ lásán fi di ọ̀ràn, ẹ gbọ́ bí agbo ilé wa ṣe rí. Ọkùnrin méje ni wọ́n, ọmọ bàbá kan náà, bàbá mi sì ni àbígbẹ̀yìn. Irun rẹ̀ ti ń funfun, “Kékeré” ni wọ́n ṣì ń pè é. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, kò gbọdọ̀ fọhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, wọ́n á ní kó lọ wo bóyá òjò ń ṣú. Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ tirẹ̀ nínú agbo ilé yẹn: òun ló ń pín ẹran Iléyá. Àwọn méjèèje á jọ ra màlúù kan, wọ́n á pa á lẹ́yìn ìrun, àáké á bá egungun jà. Lẹ́yìn náà, bàbá mi á ká ọwọ́ agbádá, ọ̀bẹ á dún “kátá!”, á sì máa gé ẹran ara sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òkìtì méje. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá, á kọ́kọ́ yan èyí tó wù ú. Ẹni tó tẹ̀ lé e á yan tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi kan àbúrò. Ẹni tó pín ẹran ni í mú kẹ́yìn, kó má baà sí ojúsàájú. Lọ́jọ́ yẹn nìkan láàárín ọdún, gbogbo ẹ̀gbọ́n bàbá mi á dúró láìsọ̀rọ̀, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí àyà bàbá mi ṣe máa ń tóbi tó lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń jó kì í gé ẹran dọ́gba. Ó ń yẹ̀, ẹran náà ń bá a yẹ̀. Òkìtì kan á ga, òkìtì kan á rù. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀bẹ òyìnbó ti tún mutí yó. Nígbà tí wọ́n bá fi máa yàn tán, èyí tó kù fún ilé tiwa á jẹ́ kìkì iṣan. Màmá mi kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń dúró ti ìkòkò, á máa fi igi gún iṣan yẹn bóyá ó ti rọ̀, á sì ní, “Òótọ́ ni pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnì kan sọ pé kí ọmọ èkù máa jẹ rọ́bà?”

Ìdí tó fi tú ọ̀bẹ palẹ̀ láàárọ̀ yẹn nìyẹn. Bàbá mi àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ mú màlúù, ó sì gbàgbé ọ̀bẹ sínú agbádá tó ní kí màmá mi bá òun lọ̀. Màmá mi rí mi, kò gbójú sókè.

“Rékíyà, bó o bá sọ fún bàbá ẹ, màá rán ẹnu ẹ mọ́ kọ́là yúnífọ́ọ̀mù ẹ.”

Mo jókòó tì í. Ó gbé nǹkan róbótó kan sókè, ó tinrín bí awẹ́ àlùbọ́sà, ó ní, “Wò ó. Bóòtù kọ́ ló ṣẹ̀. Wáṣà ló ti jẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ti tán, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì wà, ṣé irin ò ní máa jó?” Ó tú inú agolo tó ń kó ìdọ̀tí máṣíìnì sí, ó mú wáṣà idẹ méjì tó yọ lára máṣíìnì ògbólógbòó. Wọ́n nípọn jù. Ó da omi sórí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, ó fi ìka kan tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, ó ń fi wọ́n yí po, yí po, ó ń yọ wọ́n wò, ó tún ń dá wọn padà. Nígbà tí wọ́n tinrín tó, ó kán epo sí wọn, ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó sì mú sukurudíráfà kékeré tó fi ń tún máṣíìnì ṣe. Ó fún bóòtù díẹ̀, ó ṣí ọ̀bẹ wò. Ó tún fún un díẹ̀, ó tún ṣí i wò. Nígbà tó yá, irin náà ṣí fúnra rẹ̀, ó dún “kátá!”, ó sì dúró gbọnin. Màmá mi dì í mú lórí, ó tì í sọ́tùn-ún, ó tì í sósì, kò mì rárá. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo rò pé kò mọ ibi tí mo fi pamọ́ sí. Ó kán an sí orí bóòtù, kó má baà tú mọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí bínú nítorí kútẹ́ẹ̀sì mi. Lójú tèmi, a ti ṣe ohun tó tọ́, ọdún yìí sì ni a máa jẹ ẹran bí ènìyàn.

Lọ́jọ́ kejì, a kírun dé, èéfín gba gbogbo agbo ilé, òórùn awọ tó ń jó ń bá òórùn aṣọ tuntun wa jìjàdù. Bàbá mi ká ọwọ́ agbádá. “Kátá!” Ó gé ẹran àkọ́kọ́, ó dúró. Ó mi ọ̀bẹ wò. Ó rí àmì pupa lórí bóòtù, ó wo màmá mi, màmá mi sì ń wo ojú sánmà bí ẹni tó ń retí òjò. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó ṣiṣẹ́ báyẹn rí. Ó ń gé ẹran bí ẹni ń gé búrẹ́dì, tààrà, tààrà, kò yẹ̀ síbì kankan. Nígbà tó ṣe tán, òkìtì méje wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ó nu ọ̀bẹ, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Bàbá Àgbà fi ọ̀pá rìn yí òkìtì náà po. Ó tún yí i po. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo èyí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo tọ̀hún.

“Kékeré.”

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Èwo ni tèmi níbẹ̀?”

“Èyí tí ẹ bá yàn ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí ni mo fẹ́ yàn?” Ó fi ọ̀pá na ilẹ̀. “Haba! Ṣé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí gbogbo wa ni? Ẹni tó kọ́kọ́ mú àti ẹni tó mú kẹ́yìn, nǹkan kan náà! Wàláhì, bí ẹ bá fẹ́ sọ fún mi pé mo ti kú, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lọ pe alápatà wá láti ọjà. Kékeré, ká ọ̀bẹ rẹ, kó o gbé e sápò.”

Mo wo ojú bàbá mi. Ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rín in mọ́. Mo fẹ́ pariwo pé kí ló ṣe, pé ẹran dọ́gba, ẹ wá kà á! Màmá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá. Nígbà tó dìde, ó lọ síbi òkìtì tó wà lápá ìparí, ó ní, “Èyí ni tèmi.” Ó ṣí ọ̀bẹ. Ó gé ẹran itan tó dára jù lórí òkìtì náà, tó lọ́ràá yíká, ó gbé e lé orí òkìtì kan. Ó gé èyí tó kéré sí i, ó gbé e lé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gé e tó ń pín in fún wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, títí ohun tó kù lórí ewé tiwa fi di nǹkan tí ológbò á rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé.

Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí i po lákọ̀tun. Ó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó dúró níwájú èyí tó kéré, ó mi orí, ó kọjá, bí ẹni pé kò tí ì rí èyí tí ẹran itan wà lórí rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó na ọ̀pá.

“Mo mú èyí.” Ó yíjú sí bàbá mi. “Lọ́dún tó ń bọ̀, Kékeré, kó o tètè pọ́n ọ̀bẹ náà.”

Màmá mi jẹ́ ká wọ yàrá ná. Ìgbà náà ló wá tú u jáde. Ó ní òun tún ọ̀bẹ ṣe, ọ̀bẹ wá gé ọmọ òun kúrò nídìí ẹran. Bàbá mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó ní, “Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.” Màmá mi ní èkuru kọ́ lòun ń sọ, ẹran lòun ń sọ.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà nígbà tí ìyàwó Bàbá Àgbà wọlé. “Okun o,” ó kí wa, ó gbé àwo kan kalẹ̀. “Bàbá yín ní kí n gbé e fún àwọn ọmọ. Ẹ sáà mọ̀ pé kò ní eyín.” A ṣí àwo náà. Ẹran itan yẹn ni, odidi, pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ yíká.

Bàbá mi mú sukurudíráfà látinú àpótí máṣíìnì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù ọ̀bẹ. Kútẹ́ẹ̀sì mi fọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Màmá mi dúró lórí rẹ̀, ó ń wò ó. Mo rò pé ó máa já a gbà.

“Ẹ má tú u jù,” ó ní. “Kó má lọ gé yín lọ́wọ́.”

Mo jẹ ẹran náà, mo sì bínú sí bàbá mi títí ọdún fi yí po. Mo gbà pé ojo ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, wọ́n ti kọ́ mi ní ìṣirò níléèwé, mo mọ̀ pé ohun tó dọ́gba dọ́gba. Mo ní tí mo bá dàgbà, kò ní sí ẹni tí yóò máa fi ọ̀pá rìn yí ẹran mi po.

Bàbá mi ti lọ, Bàbá Àgbà ti lọ ṣáájú rẹ̀. Nígbà Iléyá tó kọjá, mo wa mọ́tò láti Lọ́kọ́ja lọ sílé. Àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti pa màlúù, ọ̀kan nínú wọn sì gbé òṣùwọ̀n oníbátìrì kalẹ̀, ó ń wọn ẹran sínú ọ̀rá. Kò sí ọ̀rá kan tó fi bín-íntín ju èkejì lọ. Kò sí ẹni tó yàn, kò sí ẹni tó jiyàn. Bí wọ́n bá ti nawọ́ ọ̀rá sí ẹnì kan, á dúpẹ́, á wọ mọ́tò rẹ̀. Kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, agbo ilé ti dá páropáro.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ì bá pàtẹ́wọ́. Èmi dúró láàárín ọgbà, mo gbé ọ̀rá ẹran mi dání, mo ń wá àgbà kan tí mo lè gbé e síwájú rẹ̀ kí n ní kó kọ́kọ́ yàn. Mo wò yíká, èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀.